Òṣómàáàló Lórí Ìwọ́ Ọmọ

Ènìyàn mẹ́ta ló ń pín iyì ọmọ kan ṣoṣo ní Òṣogbo wa yìí, kò sì sí èyí tó rọbí nínú wọn. Bí ẹ bá gba Òkè Fìà kọjá, nọ́ọ̀sì kan á sọ fún yín pé òun ni. Bí ẹ bá dé sítéṣàn rélùwéè, òṣìṣẹ́ kan á ṣí fìlà, á búra pé òun ni. Bí ẹ bá sì rìn dé Ìbòkun, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ jókòó ti ìyá àgbà tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́, ìtàn rẹ̀ kò ní tíì dé ibi tí wọ́n ti bí ọmọ náà.

Èmi Àkànó, onítakisí, èmi ni mo wà níbẹ̀. Ojú fèrèsé ni mo dúró sí, imú mi kan igi rẹ̀, mo rí ohun gbogbo. Ìwé mi kò kọjá sítáńdààdì fọ́ọ̀. Ibẹ̀ ni tísà ti ní kí n lọ sinmi nílé kí àwọn ọmọ yòókù lè gbọ́ ohun tí òun ń sọ. Ṣùgbọ́n ojú mi kò bá mi lọ sinmi. Ohun tí mo bá rí, mo rí i náà nìyẹn. Bí mo bá fi díẹ̀ kún un, iyọ̀ ni mo fi sí i. Ta ló ń jẹ ọbẹ̀ tó tẹ́?

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo onímọ́tò kúrò lápá òsì ọ̀nà, kí á máa wakọ̀ lápá ọ̀tún ni. Àárín ni èmi ń gbà ní tèmi, kí apá kankan má bàa bínú.

Mùyídéènì ọ̀rẹ́ mi ni baba ọmọ. Ọmọ Òkè Baálẹ̀ ni, òṣìṣẹ́ rélùwéè. Òun ló ń ṣọ́ táńkì gíga tí wọ́n fi ń rọ omi sínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú irin. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó ṣí omi, kí ó tì í, ṣùgbọ́n bó bá wọ kakí rẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà, ẹ ó rò pé òun ló bí ẹ́ńjìnì náà, tó tún fún un lọ́mú. Kò sí ohun tí ẹ lè bi Mùyí tí kò ní fi táńkì dáhùn. Bí ọ̀dá bá dá, á ní táńkì òkè ló dí. Bí ìyàwó ẹnìkan bá ń sunkún, á ní páìpù ló ń jò, kí ọkọ lọ wá ibi tó ti lu.

Àpìkẹ́ ni ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìbòkun ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Oyún tó wà nínú rẹ̀ nígbà náà, oyún kẹta ni, ó sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí Àpìkẹ́ bá ń lọ sí ọjà, ikùn á ti ná ata tán kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. A máa ń fi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ òun kì í bá wa rẹ́rìn-ín, ó sì ní ìdí.

Àkọ́bí rẹ̀, Ìbòkun ló ti bí i, lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn yẹn, bí ọmọ bá wáyé, wọn kì í gé ìwọ́ rẹ̀ kíá. Wọ́n á fi í sílẹ̀ títí yóò fi dákẹ́ lílù, kí gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó kù sínú ibi ọmọ lè wọlé sára ọmọ. Ọmọ náà pupa bí ẹyìn, ó ké débi pé àwọn ará Iléṣà ń bi ara wọn pé ta ló ń fun fèrè. Ṣùgbọ́n ilé ọmọ Àpìkẹ́ kọ̀, kò sún kì. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọ́n ń fi aṣọ gbà á, aṣọ tán. Lọ́rì tó ń kó kòkó ni wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ló ní kò níí kú.

Nígbà tí ọmọ kejì ń bọ̀, Mùyí ní òun ò gbọ́, òun ò gbà, ilé ìwòsàn ńlá kan ni ìyàwó òun yóò ti bí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gún Àpìkẹ́ ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ sún kì. Ẹ̀jẹ̀ kò dà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe jábọ́ báyìí, wọ́n ti gé ìwọ́ rẹ̀, bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ọmọ náà funfun bí ẹ̀kọ tútù. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun, wíwá là ń wá a. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó mu kó tó lè di orí ara rẹ̀ mú, ẹ lè fi kun ilé alájà mẹ́ta.

Ẹ ti rí i báyìí. Lẹ́ẹ̀kan, ọmọ yó, ìyá gbẹ. Lẹ́ẹ̀kejì, ìyá yè, ọmọ gbẹ. Ìgbà tí mo gbé Àpìkẹ́ àti ọkọ rẹ̀ sínú takisí lọ́sàn-án ọjọ́ tó rọbí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Àpìkẹ́ di ẹ̀yìn ìjókòó mi mú.

"Bọ̀dá Àkànó, ẹ rọra."

"Mò ń rọra, ìyàwó wa. Kòtò ló ń sáré pàdé wa."

"Nígbà àkọ́kọ́, èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Nígbà kejì, ọmọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Ta ló kàn báyìí?"

Mo wá àwàdà kan tí n ó fi dá a lóhùn. Mo wá a títí a fi dé Òkè Fìà.

Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ni a lọ. Nọ́ọ̀sì Dúrósinmí ló wà níbẹ̀, obìnrin kan tí fìlà funfun orí rẹ̀ gba sítáàṣì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè fi gé búrẹ́dì. Aago kan rọ̀ mọ́ àyà rẹ̀. Ó máa ń wò ó bí ẹni pé ọmọ kankan kò gbọdọ̀ wáyé láìjẹ́ pé aago náà fọwọ́ sí i. Mi ò bú u o. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ mọ́, kò sí ìyá tó kú lọ́wọ́ rẹ̀ rí, òun náà kì í sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

A bá ìyá Àpìkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ ní Ìbòkun pé oṣù ọmọ ti pé, ó ti wà ní Òṣogbo láti ìjẹta. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín kí ẹ má bàa rò pé ìyá àgbà lásán ni. Òṣómàáàló ni ọkọ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, nígbà tí ọkọ kú, òun náà gbé aṣọ náà rù. Ẹ mọ òṣómàáàló: àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ àwìn kiri ìlú onílùú. Lọ́jọ́ tí àdéhùn bá pé, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n, wọ́n á ní, "Òṣó ni màá ló gba tèmi." Wọn kì í dìde, wọn kì í jẹun, wọn kì í tijú. Wọ́n ní ìyá yìí lóṣòó ti ọkùnrin kan ní Ọ̀fà títí ọkùnrin náà fi san tirẹ̀, tó san ti aládùúgbò rẹ̀ kún un, tó tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ajá ilé.

"Màmá, ẹ dúró síta," Nọ́ọ̀sì Dúrósinmí wí.

"Ta ni kó dúró síta? Ọmọ mi ló wà lúlé yìí." Bí inú bá ti bí i, Ìjẹ̀ṣà ló máa ń sọ.

"Bí ẹ bá wọlé, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkankan."

"Ojú ni mo fẹ́ fi kàn án."

Ó wọlé. Nọ́ọ̀sì tì í, ó kan ògiri. Mùyí fẹ́ tẹ̀lé e, nọ́ọ̀sì fi ìgbọ̀nwọ́ tì í padà. Òun àti èmi wá dúró sójú fèrèsé, à ń ti ara wa.

Àpìkẹ́ ń rọbí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀ wo àwo irinṣẹ́ tó wà lórí tábìlì: abẹ́rẹ́, ẹ̀mú tí wọ́n fi ń fún ìwọ́ pinpin, àlùmọ́gàjí tó ń dán bí eyín ọmọge.

"Nọ́ọ̀sì, kí ni wàá fi ìwọ̀nyí ṣe?"

"Bí èjìká ọmọ bá ti yọ, màá gún ìyá rẹ̀ lábẹ́rẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà. Bí ọmọ bá ti jáde, màá gé ìwọ́ lójú ẹsẹ̀."

"Ojú ẹsẹ̀ ta?"

"Màmá, abẹ́rẹ́ yìí ń fún ilé ọmọ pọ̀ ni. Bí mi ò bá tètè gé ìwọ́, gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú ibi ọmọ ni yóò fún wọ ọmọ lára. Á pọ̀ jù fún un."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

"Ti ọmọ náà ni."

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni, ó fẹ́ gbà á, o ní á pọ̀ jù!" Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́. "Àbí ìjọba lẹ fẹ́ gbà á fún? Gbé abẹ́rẹ́ yẹn kúrò níbẹ̀ jàre. Abẹ́rẹ́ yín ló sọ ọmọ ọmọ mi kejì di ẹ̀kọ."

"Àìsí abẹ́rẹ́ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìyá rẹ̀ di òkú lọ́wọ́ yín ní Ìbòkun."

Òótọ́ tí nọ́ọ̀sì sọ gún ìyá àgbà, òótọ́ tí ìyá àgbà sọ gún nọ́ọ̀sì. Àwọn méjèèjì wá yíjú sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ìyàwó méjì tó pàdé nídìí kànga. Àǹfààní yìí ni Mùyí ń wá. Ó ki orí bọ fèrèsé.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ṣì í. Ọ̀rọ̀ gíga ni."

"Gíga kí ni?"

"Táńkì gbọ́dọ̀ ga ju ẹ́ńjìnì lọ. Ibi ọmọ ni táńkì, ọmọ ni ẹ́ńjìnì, ìwọ́ ni páìpù. Omi kì í gòkè. Ẹ gbé Àpìkẹ́ sórí tábìlì, ẹ gbé ọmọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dà wọ̀ ọ́ lára wàà."

"Mùyídéènì," Àpìkẹ́ wí lórí bẹ́ẹ̀dì, òógùn bò ó, "bí mo bá dìde níbí, ìwọ ni màá gbé sórí tábìlì."

Bóyá ọmọ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ ni o, kò dúró mọ́. Àpìkẹ́ ké. Igi mángòrò tó wà nínú ọgbà ju èso mẹ́fà sílẹ̀, mo jẹ méjì níbẹ̀. Orí yọ. Èjìká yọ. Kí n tó pajú dé, Nọ́ọ̀sì Dúrósinmí ti gún itan Àpìkẹ́ lábẹ́rẹ́, ọmọ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọmọkùnrin ni. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó tún dákẹ́, àwọ̀ rẹ̀ rí bí eérú. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sẹ́yìn sí àwo irinṣẹ́, láìwẹ̀yìn, bí ó ti máa ń ṣe.

Àwo ṣófo.

Ó wẹ̀yìn. Ìyá àgbà ti lóṣòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀mú àti àlùmọ́gàjí wà lábẹ́ ìró rẹ̀, ó ká apá mọ́ orúnkún, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ojú ẹni tó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀.

"Màmá, ẹ kó irin mi wá!"

"Òṣó ni màá ló gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi."

"Ẹ dìde! Abẹ́rẹ́ ti wọlé!"

"Èmi náà ti wọlé."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ fà á dìde. Ẹ̀yin ẹ gbìyànjú kí ẹ fa Òkè Ìmẹ̀sí dìde. Ọkùnrin alágbára ní Ọ̀fà kò lè ṣí i nípò, ṣé obìnrin tó gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́ ni yóò ṣí i? Ó dá ọmọ padà sórí bẹ́ẹ̀dì láàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ó fi òmíràn bò ó, ó ń pariwo bọ̀. Ibẹ̀ ni Mùyí já ilẹ̀kùn wọlé. Mo rò pé ó fẹ́ ran ẹnìkan lọ́wọ́. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó na apá méjèèjì sókè.

"Ẹ gbé e sísàlẹ̀ fún mi níhìn-ín! Ẹ gbé ẹ́ńjìnì sísàlẹ̀!"

Nọ́ọ̀sì kò rí i. Ó gun ikùn rẹ̀ kọjá, fìlà sítáàṣì jábọ́, Mùyí ní "hẹ̀ẹ́" bí ọkọ̀ tó ń tú èéfín dànù.

Àmọ́ ẹ fi ti àwọn wèrè mẹ́ta yìí sílẹ̀, kí ẹ wo ìwọ́ tí èmi ń wò. Ó nípọn bí okùn tí wọ́n fi ń so màlúù, ó dúdú mọ́ pupa, ó ń lù kì, kì, kì. Ilé ọmọ Àpìkẹ́ ń sún kì, ẹ ń rí i lára ikùn rẹ̀ bí ó ṣe ń kó ara rẹ̀ jọ. Bí ó bá ti fún, ìwọ́ á wú. Bí ìwọ́ bá wú, ọmọ á tún pọ́n sí i. Àyà ló kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà ikùn, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀, títí dé àtàǹpàkò. Eérú di osùn lójú mi kòrókòró. Ó wá la ẹnu, ó sì ké. Mi ò ní purọ́ fún yín, igbe yẹn ṣí bọ́tìnnì àyà mi méjì.

Ìwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dákẹ́. Ìyá àgbà fi ìka méjì kàn án.

"Ó ti san tán," ó wí. Ó yọ irin lábẹ́ ìró. "Gbà, nọ́ọ̀sì. Gé e bó ṣe wù ọ́."

Nọ́ọ̀sì gé e. Kò tíì gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀ tán tí ibi ọmọ fi yọ́ jáde. Ibí yìí ni ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí dà ní Ìbòkun. Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lé ikùn Àpìkẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà, tí ẹnìkan kò rí kí ó bẹ̀rù rí, di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú, ó dijú. Mùyí wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò rántí táńkì. Àní èmi náà di igi fèrèsé mú.

"Ó le bí àgbọn," nọ́ọ̀sì wí níkẹyìn. "Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yìí kò tó nǹkan. Ó ti dá."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn. Ẹni tó ní abẹ́rẹ́ kò fẹ́ dúró de ìwọ́. Ẹni tó fẹ́ dúró de ìwọ́ kò fẹ́ abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́ra wọn yé lọ́jọ́ náà, tí ọ̀kan fi ọ̀wọ̀ gbà fún èkejì, ìyá ni ìbá gbẹ tàbí ọmọ. Àìgbọ́ra-ẹni-yé ló jẹ́ kí méjèèjì ṣẹlẹ̀ pọ̀. Ṣé ẹ rò pé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?

"Mo dúpẹ́ pé abẹ́rẹ́ mi tètè wọlé," Nọ́ọ̀sì Dúrósinmí wí, ó ń wá fìlà rẹ̀. "Abẹ́rẹ́ ló ti ẹ̀jẹ̀ wọ ọmọ lára. Ohun tí mo ti fẹ́ ṣe láti ilẹ̀ nìyẹn."

"Ta ló fẹ́ ṣe é?" ìyá àgbà dìde, orúnkún rẹ̀ ró gbà. "Ìwọ tí o ní á pọ̀ jù fún ọmọ? Bí kì í bá ṣe òṣó tí mo ló, abẹ́rẹ́ rẹ ìbá ti ẹ̀jẹ̀ wọ inú afẹ́fẹ́."

"Màmá, òṣó kì í dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára obìnrin."

"Ó ń dá àlùmọ́gàjí dúró lọ́wọ́ ẹni tó ń kánjú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bẹ́ẹ̀dì," Mùyí wí, ó ń gbọn eruku kúrò lára kakí tí bàtà nọ́ọ̀sì ti ya àwòrán sí níkùn. "Àárín bẹ́ẹ̀dì yìí tẹ̀ wọlé. Ọmọ rẹlẹ̀ ju ìyá rẹ̀ lọ díẹ̀. Díẹ̀ yẹn náà ni. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní rélùwéè."

Èmi náà ki ẹnu bọ fèrèsé. "Takisí tó gbé wọn wá ńkọ́?"

Ohùn wọ́n dàpọ̀. Nọ́ọ̀sì ń na ìka sí ìyá àgbà, ìyá àgbà ń na ìka sí Mùyí, Mùyí ń na ìka sí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sọ ọ́ débi pé aláboyún méjì tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì dìde, wọ́n ní àwọn á padà wá lọ́la. Wọ́n ń sọ ọ́ nígbà tí wọ́n wẹ ọmọ. Wọ́n ń sọ ọ́ nígbà tí wọ́n kírun alásárì tán ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ ní Ìjẹ̀ṣà paraku, Mùyí ti mú èédú, ó ń ya táńkì sára ògiri ilé onílé.

"Ẹ dákẹ́!"

A yíjú. Ohùn Àpìkẹ́ ni. Lẹ́yìn ìbí àkọ́kọ́, ohùn tó kù fún obìnrin yìí kò lè lé eṣinṣin. Èyí tí a gbọ́ báyìí, páànù orí ilé gbọ́ ọ. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ọmọ wà ní àyà rẹ̀, ó ń mu ọmú bí ẹni tó ń bá a jà. Ètè ìyá pọ́n. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ pọ́n.

"Ẹ̀jẹ̀ èmi àti ti ọmọ mi lẹ ń pín bí ẹran Iléyá láti ọ̀sán. Nínú yín, ta ló ti bi mí pé ṣé mo ti jẹun?"

Nọ́ọ̀sì wo aago àyà rẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Àpìkẹ́ mi, èmi ìyá rẹ..."

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ lọ gbé ọbẹ̀ kaná. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, àwọn tó kù lórí bẹ́ǹṣì ń retí yín." Ó fa ilẹ̀kùn, ó tì í, a gbọ́ kọ́kọ́rọ́.

Mùyí kan ilẹ̀kùn pẹ́pẹ́. "Èmi baba ọmọ ńkọ́?"

"Lọ sin ibi ọmọ rẹ," Àpìkẹ́ wí nínú yàrá. "Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ẹ láti ọ̀sán nìyẹn."

Mo gbé e dé Òkè Baálẹ̀, ìkòkò tí wọ́n gbé ibi ọmọ sí wà lórí itan rẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé baba rẹ̀, ó gbé ìkòkò náà sókè kí ó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó wá dúró bẹ́ẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n.

"Àkànó," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti bọ́ sílẹ̀, "ti ọmọ kejì wúwo jù báyìí lọ. Èyí fúyẹ́. Kò sí nǹkankan nínú rẹ̀ mọ́."